Onípépà Inú Fíìmù

Èmi ni mo lé àwọn akàmárà kúrò níwájú pépà bàbá mi ní Wuse, ní Àbújá. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ìyẹn sílẹ̀ ná, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo fẹ́ gba ẹ̀yìn wọlé. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé fóònù ló pa ìwé ìròyìn. Ó dáa, fóònù wà níbẹ̀, a máa dé orí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ti bàbá mi, èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún fóònù.

Bàbá mi ti ń ta ìwé ìròyìn níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Pépà ni gbogbo wa ń pè é, Bàbá Onípépà sì ni gbogbo agbègbè yẹn ń pe bàbá mi. Kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù o. Ẹ̀gbẹ́ ògiri báńkì kan ni, lábẹ́ igi, níbi tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ti ń já èrò ọjà. Wọ́n á tẹ́ nàìlọ́n sílẹ̀, wọ́n á to pépà sórí ẹ̀, wọ́n á wá gbé òkúta kọ̀ọ̀kan lé e kí atẹ́gùn má baà gbé e. Òkúta mẹ́rìnlá ni. Tí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú, bàbá mi á kó òkúta yẹn sínú àpò sìmẹ́ńtì, wọ́n á so ó mọ́ ìdí igi, láàárọ̀ ọjọ́ kejì wọ́n á tún tú u. Ìyá mi máa ń sọ pé ọjọ́ tí olè bá jí òkúta bàbá yín ni kẹ́ ẹ kó ẹrù yín, ká máa padà lọ sí Ọ̀ṣun.

Akàmárà ni àwọn tó máa ń ka pépà tí wọn kì í rà á. Láti aago méje àárọ̀ ni wọ́n ti máa dé, kí wọ́n tó wọ ọ́fíìsì. Wọ́n á yí pépà ká, wọ́n á tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí adìẹ tó ń wo àṣá, wọ́n á ka gbogbo ojú ewé àkọ́kọ́ tán, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ ìjà. Ẹnì kan á ní gómìnà yìí ló máa wọlé, ẹlòmíràn á ní ìyá ẹ ló máa wọlé. Bàbá mi á kàn jókòó sórí àpótí wọn, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Nígbà míì wọ́n á tún bu epo sínú iná náà, wọ́n á ní, "Ẹ wo ojú ewé kẹta, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà." Ṣùgbọ́n ojú ewé kẹta, ó dìgbà tí èèyàn bá rà á.

Mi ò lọ iléèwé jìnnà. Wọ́n lé mi ní sẹ́kọ́ńdìrì nítorí ìjà, nígbà tí wọ́n ní kí n padà wá, mo ní mi ò wá mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà yẹn, orí mi gbóná ju báyìí lọ. Iwájú pépà yẹn ni mo ti kọ́ ìyókù. Màá máa ka àkọlé gàdàgbà gàdàgbà, tí mo bá kan ọ̀rọ̀ tó le, ọ̀kan nínú àwọn akàmárà á sọ ọ́ fún mi. Bàbá kan wà, ọmọ Èkìtì, tó ń ṣiṣẹ́ ní míníísìrì kan tí kò jìnnà. Òun ló kọ́ mi ní olú ìlú orílẹ̀-èdè. Á kàn na ìka sí mi lójijì, á dárúkọ ìlú òyìnbó kan, tí mi ò bá mọ olú ìlú ẹ̀ á ní, "Olódo mi àtàtà." Tí mo bá mọ̀ ọ́n, á ra gúgúrú fún mi. Ó ń ra gúgúrú o. Pépà ni kì í rà.

Ẹ wá wo irú èèyàn tí mo lé.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ibà mú bàbá mi débi pé wọn ò lè dìde. Mo tọrọ àyè níbi tí mo ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì, mo ní màá dúró fún wọn. Ìdájí ni èèyàn ti máa kúrò ní Orozo, níbi tí à ń gbé, kí gosíló Nyanya tó há, kó tó lè bá ọkọ̀ tó ń já pépà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹrù pépà bàbá mi, èèyàn méjì ló ń gbé e rù wọ́n. Ọjọ́ tí mo lọ gbà á yìí, abíyá ni mo há a sí. Mo tún lè na ọwọ́ kejì dá kẹ̀kẹ́ dúró.

Ẹjẹ́ǹtì tó ń pín in fún àwọn tó ń tà á, obìnrin ni, ó sanra, ọ̀rọ̀ ẹ̀ kì í gùn. Ó ní, "Kí ló ń ṣe bàbá ẹ?"

Mo ní ara wọn ò yá.

Ó ní, "Pẹ̀lẹ́. Sọ fún wọn pé ilé-iṣẹ́ méjì ti ní àwọn ò ní máa tẹ̀ ẹ́ wá sí Àbújá mọ́. Orí fóònù ni kí ẹni tó bá fẹ́ lọ kà á. Èyí tó kù, tó bá ṣì ń padà sí mi lọ́wọ́ bó ṣe ń padà yìí, màá gé e kúrò. Mi ò lè máa gbé pépà lọ gbé pépà bọ̀ bí ẹni ń gbé ọmọ lọ síbi abẹ́rẹ́."

Pé pépà ń padà, ohun tó ń sọ ni pé èyí tí kò bá tà, a máa ń dá a padà fún un lọ́jọ́ kejì ni. Mo gba ọ̀rọ̀ yẹn sínú. Mo dé Wuse, mo to pépà, mo gbé òkúta lé e. Kí n tó yíjú, àwọn akàmárà ti pé mẹ́tàdínlógún. Mo kà wọ́n. Wọ́n ń kà á, wọ́n ń pariwo, ọ̀kan tún fẹ́ fi ọwọ́ ṣí inú ẹ̀ yọjú wò. Kò sí ẹni tó rà á. Mo rántí bàbá mi lórí ẹní. Inú mi gbóná débi pé etí mi ń hó.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì wa, mo gé páálí, mo fi máákà dúdú kọ ọ́ sára ẹ̀: RÀ Á TÀBÍ KÍ O MÁA LỌ. Mo gbé e kọ́ ara igi. Mo wá fa nàìlọ́n bo gbogbo pépà, ó wá ku orúkọ wọn nìkan lókè.

Bàbá Èkìtì dé, ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìṣe ẹ̀, ó bá nàìlọ́n. Ó wo páálí.

"Kí lèyí?"

"Ohun tẹ́ ẹ kà yẹn náà ni, sà."

"Ṣé bàbá ẹ mọ̀ sí i?"

"Ara wọn ò yá. Wọ́n ń dúró nínú oòrùn látàárọ̀ dalẹ́ fún àwọn tí kì í rà, bí ara ṣe ń ṣàìyá nìyẹn."

"Èmi lo ń bá wí? Èmi tí mo kọ́ ẹ ní ìwé?"

"Ẹ ṣeun, sà. Ẹ ra ẹyọ kan."

Oníkẹ̀kẹ́ kan wà níbẹ̀, ọmọ Hausa, tó ti gbọ́ Yorùbá tán ní Wuse. Òun kì í kàwé rárá, fọ́tò ló máa ń wò, á wá ní kí wọ́n túmọ̀ ẹ̀ fún òun. Ó kàn káwọ́ sórí. Ó ní, "Kai, ọmọ Baba yìí, ata ni. Wọn ò lọ̀ ọ́ kúnná."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Bàbá Èkìtì ò rín. Ó tún gíláàsì ojú ẹ̀ ṣe, ó yí padà, ó ń lọ. Bó ṣe lọ, àwọn tó kù náà ń tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí olórí ijó bá jókòó. Mi ò ní parọ́ fún yín, inú mi dùn. Mo rò pé mo ti ṣiṣẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, kò sí akàmárà kankan. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹta, àwọn tó ń rà gan-an ò dúró mọ́. Àwọn ọ̀gá tó máa ń wa mọ́tò kọjá, tí wọ́n máa ń sọ gíláàsì kalẹ̀, tí wọ́n á ní, "Bàbá, kí ló ṣẹlẹ̀, ẹ fún mi ní ẹyọ kan," wọ́n ń kọjá lọ bí ẹni pé mi ò sí níbẹ̀. Tí mo bá ju pépà sókè, wọ́n á wò mí bí ẹni tó ń tọrọ báárà. Ọjọ́ Jímọ̀, pépà tí mo gbà lọ́wọ́ ẹjẹ́ǹtì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òun náà ni mo dá padà.

Bàbá mi padà síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n dúró, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì.

"Àwọn èèyàn mi dà?"

"Mo lé wọn ni, Baba."

Mo rò pé wọ́n máa gbá mi létí. Bàbá mi kì í gbá èèyàn létí, ṣùgbọ́n mo rò ó. Wọ́n kàn jókòó sórí àpótí. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí. Ẹni tó wà nínú mọ́tò, ṣé pépà ló máa rí láti ibẹ̀? Èrò ló máa rí. Á ní ṣé ẹnì kan kú ni, ṣé wọ́n yọ mínísítà ni. Á dúró. Á rà á. Ṣé o rò pé èmi ni mò ń tà á? Àwọn ni wọ́n ń bá mi tà á, láti gbogbo ọdún yìí wá."

Wọ́n ká nàìlọ́n kúrò. Wọ́n yọ páálí mi lára igi. Wọn ò fà á ya o, wọ́n ṣẹ́ ẹ po, wọ́n fi ṣe tìmùtìmù sórí àpótí, wọ́n jókòó lé e. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti rí i lábẹ́ ìdí wọn, màá wo ibòmíràn.

Mo lọ bá Bàbá Èkìtì ní gééètì míníísìrì wọn lọ́jọ́ yẹn, nígbà tí wọ́n jáde iṣẹ́. Mo kúnlẹ̀ sórí títì. Ó gbé mi dìde, ó ní kí n má jẹ́ kí yẹ̀pẹ̀ ba aṣọ mi jẹ́. Ó yọ fóònù ẹ̀. Ó ní, "Wò ó. Gbogbo ẹ̀ ló wà níbí. Ẹnì kan ń jù ú sínú gúrúùpù wa ní aago mẹ́fà àárọ̀, láti ewé àkọ́kọ́ títí dé eré bọ́ọ̀lù. Pátápátá. Èmi ò mọ̀ pé nǹkan bẹ́ẹ̀ wà. Ọjọ́ tí o lé mi ni mo béèrè." Ó ń fi ìka ṣí i lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó dé ojú ewé kẹta, ó dúró síbẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń dúró níwájú bàbá ẹ, mi ò rí ojú ewé kẹta rí. Mi ò bínú sí ẹ, ọmọ mi. O là mí lójú."

Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn.

Ibi tí fíìmù ti wọ ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Fíìmù kan wà tí mo ti ń retí láti ọdún méjì. Nípa akọni kan ni, tó máa ń fi ọwọ́ lásán dá ilé tó ń wó dúró. Apá kìíní parí síbi tó ti já sínú ọ̀gbun, wọ́n sì fi wá síbẹ̀ fún ọdún méjì gbáko, bí ẹni fi oúnjẹ sórí iná tó jáde lọ. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi orí ẹ̀rọ ayélujára ti jà nípa ẹ̀ débi pé mo ti dínà mọ́ èèyàn mẹ́rin. Àárọ̀ ọjọ́ kan tí mo lọ gbé oúnjẹ fún bàbá mi, fídíò tí wọ́n fi ń polówó apá kejì jáde. Mo jókòó ti bàbá mi. Kò sí ẹ̀dá kankan níwájú pépà. Ọyẹ́ ń fẹ́, etí pépà ń gbọ̀n lábẹ́ òkúta. Mo ní, "Baba, ẹ wá wo nǹkan tí mo ti ń dúró dè."

Wọ́n kàn ń wò ó láti tẹ́ mi lọ́rùn ni. Iná, ẹ̀fúùfù, ẹranko ńlá kan tó ń já bọ́ láti òkè. Bó ṣe kù díẹ̀ kó parí, bàbá mi di ọwọ́ mi mú.

"Dá a padà sẹ́yìn."

Mo dá a padà.

"Ìyẹn. Dá a dúró."

Àṣé mi ò rí i tẹ́lẹ̀. Lórí títì tí ẹranko yẹn fẹ́ já sí, bàbá arúgbó kan wà ní ìkóríta, ó to pépà sílẹ̀. Gbogbo èèyàn ń sá. Òun ò sá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé òkúta lé pépà ẹ̀ kí atẹ́gùn má baà gbé e, ó wá gbójú sókè. Òjìji ẹranko náà bò ó. Ó tán. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ.

Bàbá mi ní, "Òkúta ló lò."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Baba."

"Ní ilẹ̀ òyìnbó lọ́hùn-ún. Òkúta náà ni wọ́n ń lò." Wọ́n ní kí n tún un fi sí i. Mo fi sí i nígbà méje. Nígbà kẹjọ, oníkẹ̀kẹ́ ti dúró, ó ti na ọrùn wọ àárín wa. Ó ní, "Sànnu, Baba. Ẹ̀yin nìyẹn?" Bàbá mi rẹ́rìn-ín, mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti ìgbà tí wọ́n ti dìde nínú àìsàn.

Oníkẹ̀kẹ́ ló gbé e káàkiri. Ó ń sọ fún gbogbo èrò tó bá gbé pé wọ́n ti fi Bàbá Onípépà sínú fíìmù Amẹ́ríkà. Lọ́jọ́ kejì, èèyàn mẹ́ta wá béèrè. Mo fi fóònù mi sílẹ̀ fún bàbá mi, mo ń lo èyí tó ti sán. Bàbá mi ń fi fídíò yẹn hàn wọ́n, wọ́n á wá dá a dúró síbi tí òjìji ti bo bàbá arúgbó yẹn. Ìjà bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ní akọni yẹn máa fò wá, á gbé e. Ẹlòmíràn ní kò sí nǹkan tó jọ ọ́, ẹranko yẹn máa tẹ̀ ẹ́ pa bí èèrà, torí nínú fíìmù òyìnbó, ẹni tí wọn ò fún lórúkọ kì í pẹ́. Ẹnì kan ní bóyá onípépà yẹn gan-an ni ọ̀gá àwọn ọ̀tá, ó kàn ń díbọ́n. Bàbá mi bínú sí ẹni yẹn gan-an.

Lọ́sẹ̀ kejì, Bàbá Èkìtì yọ. Ó ní wọ́n sọ fún òun ní ọ́fíìsì. Ó wo fídíò yẹn, ó tún gíláàsì ṣe, ó ní, "Wọ́n máa gbà á là. Tí wọn ò bá fẹ́ gbà á là, kí ni wọ́n fi hàn wá sí?" Wọ́n ké mọ́ ọn lóríṣiríṣi. Ó dúró, ó ń jà títí ó fi pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Kò wò mí lójú, ṣùgbọ́n nígbà tó ń lọ, ó na ìka sí mi, ó dárúkọ ìlú òyìnbó kan. Mo mọ̀ ọ́n. 

Bí èrò ṣe ń pé padà nìyẹn. Àwọn ọlọ́kọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ gíláàsì kalẹ̀. Kì í ṣe bíi tàtijọ́, kò sí nǹkan tó máa dà bíi tàtijọ́ mọ́, ṣùgbọ́n ẹjẹ́ǹtì ò sọ̀rọ̀ gígé fún odidi oṣù kan. Ọjọ́ Sátidé kan, pépà gbé àwòrán akọni yẹn sí ìdajì ojú ewé. Bàbá mi gé e, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara igi, níbi tí páálí mi wà tẹ́lẹ̀. Mo bá ara mi níbi tí mo ti ń gbàdúrà fún fíìmù. Èmi tí kì í gbàdúrà kí n tó jẹun.

Ọ̀sẹ̀ tí fíìmù dé, mo ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì, ọ̀sán Sátidé, ilé sinimá kan tí kò jìnnà sí Jahi. Bàbá mi fi áyọ́ọ̀nù lọ kaftan wọn. Wọ́n mú pépà ọjọ́ yẹn dání. Oníkẹ̀kẹ́ ló gbé wa, kò gbowó, ohun tó kàn ń sọ lójú ọ̀nà ni, "Baba, ẹ wò ó dáadáa o. Ẹ má ṣẹ́jú. Ṣé wọ́n gbé e ni, àbí wọ́n tẹ̀ ẹ́." Bàbá Èkìtì náà ti fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù mi, ó ní tí wọn ò bá gbà á là, kí n má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí di ọjọ́ Ajé.

Ọmọkùnrin tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò ní, "Baba, kí lẹ fẹ́ fi pépà ṣe nínú òkùnkùn?"

Bàbá mi ní, "Iṣẹ́ mi ni."

Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbọ́, fíìmù tí mo ti ń retí láti ọdún méjì, mi ò wò ó. Mi ò mọ bí akọni yẹn ṣe jáde nínú ọ̀gbun. Títì ni mò ń wò. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti fi títì hàn, bàbá mi á fi ìgbúnwọ́ kàn mí. "Ṣé ibí ni?" Mo ní rárá. "Ṣé ibí ni?" Mo ní kò tíì tó.

Nígbà tó yá, ó tó. Mo mọ ibẹ̀, mo ti wò ó nígbà ọgọ́rùn-ún: bọ́ọ̀sì pupa, iná ìkóríta tó dojú dé. Èèyàn ń sá. Ẹranko ń já bọ̀. Ìkóríta yẹn wà níbẹ̀, mo rí i kedere. Òfìfo ni.

Bàbá mi rọra sọ ọ́ sí mi létí. "Kò tíì dé ibi iṣẹ́."

 Ẹranko balẹ̀, títì fọ́, akọni fò wá, ó gbé obìnrin kan àti ajá kan. Wọ́n kúrò níbẹ̀, wọn ò sì padà síbẹ̀ mọ́. Bàbá mi ṣì ń wò ó. Wọ́n ń wò ó láìṣẹ́jú, gẹ́gẹ́ bí oníkẹ̀kẹ́ ṣe wí.

Fíìmù parí. Orúkọ àwọn tó ṣe é bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lọ. Kò sẹ́ni tó dìde. Bàbá mi ní, "Kí ni wọ́n ń dúró dè?"

Ó yẹ kí n parọ́. Mo ní, "Wọ́n máa ń fi díẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn, Baba. Lẹ́yìn orúkọ."

Wọ́n ní, "Ẹ̀n-ẹ́n." Wọ́n fara ti àga. "Ibẹ̀ ló wà."

A dúró. Orúkọ yẹn pọ̀ bí iyanrìn. Bàbá mi ń gbìyànjú láti kà wọ́n, ètè wọn ń mì. Ó wá dé, èyí tí wọ́n fi pamọ́: ìyá àgbà kan ṣí àpótí kan, iná yọ nínú ẹ̀. Gbogbo àwọn ọ̀dọ́ inú ilé yẹn pàtẹ́wọ́, wọ́n ń bọ ara wọn lọ́wọ́. Ká ní ọjọ́ mìíràn ni, èmi náà ì bá máa pàtẹ́wọ́. Wọ́n tan iná. Èèyàn tán. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ wọlé, ó ń gbá gúgúrú jọ láti ìlà iwájú bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Bàbá mi ò dìde títí ó fi dé ìdí àga wa.

"Ṣé ó ti parí ni?"

"Ó ti parí, Baba."

Orí mi gbóná. Mo lọ bá ọmọbìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, mo ní wọ́n ti gé fíìmù yín, ibi tí onípépà wà dà. Mo ń gbá tábìlì. Ó wò mí bí ẹni tó ṣàánú mi. Ó ní, "Àǹtí, bí wọ́n ṣe gbé e fún wa la ṣe ń fi hàn. Àwa kọ́ la ṣe é." Kí ni mo fẹ́ bá a jà lé lórí? Ta ni màá bá jà? Ẹni tó gé e wà ní òkè òkun lọ́hùn-ún, kò mọ̀ pé wọ́n bí mi.

Inú mọ́tò la wà, tí à ń lọ sí Orozo, nígbà tí mo rí i lórí fóònù. Ẹni tó ṣe fíìmù náà sọ pé ó ti gùn jù, wọ́n ní láti yọ àwọn ibi tí kò fi bẹ́ẹ̀ pọn dandan. Mo kà á fún bàbá mi.

Wọ́n ní, "Wọ́n gé e."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.  Pépà wà lórí ẹsẹ̀ wọn, wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ́ ẹ, wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ́ ẹ.

Ọjọ́ Ajé, èmi àti bàbá mi la jọ lọ gba pépà.  Ẹjẹ́ǹtì kàn ka márùn-ún lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Èyí tí wọ́n já nìyẹn. Ẹ bá mi kí àwọn ará ilé." A dé Wuse, bàbá mi tú àpò sìmẹ́ńtì. Pépà márùn-ún, òkúta mẹ́rìnlá. Wọ́n dúró wò ó fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ń tò ó, méjì sórí ẹyọ kan, mẹ́ta sórí òmíràn. Wọn ò fi òkúta kankan sílẹ̀ nínú àpò.

Àwọn èèyàn ti ń dé. Mi ò rí èrò tó tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọdé. Oníkẹ̀kẹ́ gbé kẹ̀kẹ́ dí ọ̀nà, wọ́n ń bú u, kò gbọ́. Bàbá Èkìtì wà ní iwájú pátápátá.  Gbogbo wọn ń wo bàbá mi.

Oníkẹ̀kẹ́ ní, "Baba. Báwo ni?"

Bàbá mi ń tún àpótí ìjókòó wọn ṣe. Wọ́n tẹ́ páálí mi sí i dáadáa kí wọ́n tó jókòó lé e. Wọ́n ní, "Wọn ò pa á."

Ariwo ta. Bàbá Èkìtì ń gbá àyà, ó ní, "Ṣé mo sọ, ṣé mo sọ." Ẹni tó ní wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ pa ní irọ́ ni, akọni wo ló gbé e, báwo ló ṣe gbé e, kí Baba ṣàlàyé. Oníkẹ̀kẹ́ ń jó. Ọlọ́kọ̀ kan sọ gíláàsì kalẹ̀, ó wo èrò, ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n ní fíìmù ni, ó gbé gíláàsì ẹ̀ padà sókè.

Bàbá Èkìtì yíjú sí mi. "Ìwọ náà rí i?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé ẹnu mi kì í di. Ó di lọ́jọ́ yẹn. Mo wo bàbá mi, wọn ò wò mí. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ó na ọrùn, ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bó ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀, ó fẹ́ ka àkọlé. Ó ní, "Baba, òkúta yín pọ̀ jù. Ó ti bo ọ̀rọ̀."

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀, wọ́n sún òkúta sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún un, kó lè rí i kà.